Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ onísáyẹ́ǹsì wo ni kí ẹ kọ́kọ́ kà? Holmes, Thorndyke, Kennedy, Trant àti Van Dusen lórí òṣùwọ̀n kan náà

Láàárín ọdún 1887 sí ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, irú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tuntun kan gba ojú ewé àwọn ìwé àtìgbàdégbà ní London àti ní Amẹ́ríkà. Kì í dúró de kí ẹnikẹ́ni jẹ́wọ́, kì í sì í na afurasí. Iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ bàtà, eérú sìgá, ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ mọ́ aṣọ, ohun tó máa ń bi léèrè nìyẹn. Ẹni tó ti ka Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mọ̀ pé ẹsẹ̀ àti ìgboyà ni Lápàdé fi ń tọ ipasẹ̀ ọ̀daràn. Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n gbé ọ̀ràn lọ sórí tábìlì, wọ́n sì tan iná sí i.

Wọ́n pọ̀. Márùn-ún ni mo mú, nítorí àwọn ni ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń bá pàdé: Sherlock Holmes ti Arthur Conan Doyle, John Thorndyke ti R. Austin Freeman, Craig Kennedy ti Arthur B. Reeve, Luther Trant ti Edwin Balmer àti William MacHarg, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Van Dusen ti Jacques Futrelle. Ẹni tó bá ní àkókò lè ka gbogbo wọn tán. Ọ̀pọ̀ wa kò ní in. Bí ẹ bá sì gba ibi tí kò bá yín lára mu wọlé, ẹ ó pa ìwé dé, ẹ ó rò pé bákan náà ni gbogbo wọn rí. Èyí ló jẹ́ kí n kọ ìfiwéra yìí.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Èkíní, ṣé sáyẹ́ǹsì inú ìtàn náà dúró? Mo wo bó ṣe rí nígbà tí wọ́n kọ ọ́, mo sì wo bó ṣe rí lónìí, nítorí ohun tó jẹ́ òótọ́ ní 1910 lè ti di ahẹrẹpẹ.

Èkejì ni mo kà sí jù: ṣé òǹkọ̀wé fi ẹ̀rí hàn wá kó tó di pé ó sọ ìdáhùn? Onísáyẹ́ǹsì tó bá pariwo èsì láìjẹ́ ká rí ohun tó rí, ńṣe ló ń pàṣẹ fún wa. Kò kọ́ wa ní nǹkan kan. Ìtàn tó bá sì gbé ẹ̀rí kalẹ̀ níwájú wa ń jẹ́ ká bá a ronú, kódà bí a bá ṣìnà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àkókò àti irú gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni bí òǹkọ̀wé ṣe ń wo àwọn tí kì í ṣe irú tirẹ̀. Ayé ìjọba amúnisìn ni wọ́n ti kọ ìwé wọ̀nyí, ọmọ adúláwọ̀ tó bá ń kà wọ́n sì yẹ kó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ burúkú wà kó tó ṣí i fún ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó kò gba àlàyé púpọ̀. Ìwé Holmes, àwọn ìwé ìbẹ̀rẹ̀ Thorndyke, ti Kennedy àti ti Van Dusen ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Ẹ lè gba púpọ̀ nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Project Gutenberg, ẹ sì lè gbọ́ èyí tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kà sókè lórí LibriVox. Bí ẹ bá mú èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán láìní àwòrán, àkójọ ìtàn kúkúrú kan kì í sábà tó mẹ́gábáìtì kan, kò sì lè jẹ dátà yín. Trant nìkan ló ní ìṣòro: ní Amẹ́ríkà ó ti di ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n 1959 ni Balmer kú, nítorí náà ní ilẹ̀ tí òfin ti ka 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, bíi Nàìjíríà àti Britain, ẹ̀tọ́ náà kò tíì parí.

Sherlock Holmes: ẹnu ọ̀nà tó gbòòrò jù

Nínú A Study in Scarlet, tó jáde ní 1887, yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn St Bartholomew's ní London ni Watson, ọ̀rẹ́ Holmes tó máa ń sọ ìtàn rẹ̀, ti kọ́kọ́ rí i. Inú Holmes ń dùn, ó ń kéde pé òun ti rí kẹ́míkà kan tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè mú un ṣe bó ṣe ṣe yẹn. Ní ọdún yẹn, irú àyẹ̀wò tó dájú bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ọlọ́pàá kankan. Ọdún 1901 ni Paul Uhlenhuth ní Jámánì tó rí ọ̀nà láti fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn hàn yàtọ̀ sí ti ẹranko. Conan Doyle rí àìní náà ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó rí ìdáhùn rẹ̀, mo sì ka èyí sí iyì ńlá fún un.

Dókítà ni Conan Doyle fúnra rẹ̀. Edinburgh ló ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, níbi tí olùkọ́ rẹ̀ Joseph Bell ti máa ń wo ọwọ́ aláìsàn àti bó ṣe ń rìn, tí á sì sọ iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe kó tó la ẹnu. Ojú yẹn ni Holmes jogún. Ojú rẹ̀ ló lágbára ju ìgò kẹ́míkà rẹ̀ lọ. A gbọ́ pé ó kọ ìwé kékeré lórí eérú 140 oríṣi tábà, ṣùgbọ́n a kì í bá a wo eérú náà. A rí i tó dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú awò rẹ̀, Watson kò sì sọ ohun tó wà lábẹ́ awò náà fún wa àfi ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Lórí òṣùwọ̀n kejì, Holmes kò yege dáadáa.

Lórí èkíní náà, ẹ ní láti ṣọ́ra. Nínú ìtàn kan ti 1892, ohun ẹlẹ́mìí tó ń pa ènìyàn ń mu wàrà, ó sì ń jẹ́ ìpè súfèé. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ kì í hu ìwà yẹn. Mi ò ní dárúkọ ìtàn náà, nítorí ó dùn gan-an láìka àṣìṣe yẹn sí, mi ò sì fẹ́ ba adùn rẹ̀ jẹ́ fún ẹni tí kò tíì kà á. Síbẹ̀, Edmond Locard, ẹni tó dá yàrá àyẹ̀wò ọlọ́pàá sílẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1910, gbà pé ọlọ́pàá tó bá ń ka Conan Doyle kò fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Ohun tí Holmes fi kọ́ irú wọn ni pé ohun kékeré ló máa ń sọ òótọ́.

Ìwé gígùn 4 àti ìtàn kúkúrú 56 ni Holmes ní lápapọ̀. Ìtàn kúkúrú kọ̀ọ̀kan dá dúró, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mọ́, ẹ sì lè ka ọ̀kan tán kí iná tó dé. Ní ti ẹ̀yà, ẹ fi The Three Gables ti 1926 sílẹ̀ fún ọmọdé, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe àpèjúwe ọkùnrin adúláwọ̀ inú rẹ̀ burú jáì. Bí wọ́n ṣe kọ nípa ọmọ erékùṣù Andaman inú The Sign of Four ti 1890 náà burú. The Yellow Face ti 1893 sì wà níbẹ̀, tó fi ọ̀wọ̀ àti àánú hàn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà lọ́nà tí ẹni tó ń kà á lónìí kò ní retí láti ọwọ́ òǹkọ̀wé ìgbà yẹn.

Thorndyke: ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ dúró jù

Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn mẹ́rin yòókù lọ, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́.

Freeman, tí wọ́n bí ní 1862, gba ìwé ẹ̀rí ìṣègùn ní London ní 1887, ọdún kan náà tí Holmes kọ́kọ́ jáde. Ọdún yẹn gan-an ló wọkọ̀ ojú omi wá sí Accra láti ṣe dókítà fún ìjọba amúnisìn ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí. Ó bá ikọ̀ kan rin ìrìn àjò gba Ashanti kọjá dé Bontuku, tó wà ní Côte d'Ivoire báyìí. Ibà líle tó máa ń sọ ìtọ̀ di dúdú mú un, wọ́n sì dá a padà sílé ní 1891. Ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò tó láti ṣe iṣẹ́ dókítà déédéé. Ìwé kíkọ ló wá yíjú sí. Bí ibà ilẹ̀ wa kò bá lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí Thorndyke má sí.

Dókítà àti agbẹjọ́rò ni John Thorndyke pa pọ̀. 5A King's Bench Walk ló ń gbé, ní àdúgbò àwọn agbẹjọ́rò ní London. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jervis ló máa ń sọ ìtàn, Polton sì ni oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń bá a ya fọ́tò tó sì ń rọ irinṣẹ́ fún un. Bí Thorndyke bá ń jáde lọ síbi ọ̀ràn, á gbé àpótí kékeré aláwọ̀ ewé dání, tí yàrá àyẹ̀wò odidi kan wà nínú rẹ̀ ní kékeré: máíkírósíkóòpù, ìgò kẹ́míkà, gbogbo rẹ̀ wẹ́wẹ́.

Ohun tó mú kí n gbà á gbọ́ ni ọ̀rọ̀ tí Freeman kọ síwájú John Thorndyke's Cases ní 1909: gbogbo àyẹ̀wò inú ìtàn náà ni òun fi ọwọ́ ara òun ṣe, ohun gidi lòun sì ya fọ́tò rẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Wọ́n tẹ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sínú ìwé náà. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún òǹkàwé: Thorndyke sọ pé iyanrìn yìí kì í ṣe iyanrìn etí òkun lásán, ẹ sì rí iyanrìn náà. Ojú yín ló jẹ́rìí.

Ó tún gbé ìgbésẹ̀ kan tí kò sẹ́ni tó ń retí. Ní The Singing Bone, àkójọ ìtàn tó jáde ní 1912, ó pín ìtàn sí méjì. Nínú apá kìíní, a rí ọ̀daràn bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú The Case of Oscar Brodski, a wà pẹ̀lú Silas Hickler nínú ilé rẹ̀ nígbà tó pa oníṣòwò dáyámọ́ǹdì, a sì bá a gbé òkú náà lọ sórí ojú irin kí ó lè dà bíi pé ọkọ̀ ojú irin ló tẹ̀ ẹ́ pa. Kò sí àṣírí kankan mọ́. Lẹ́yìn náà Thorndyke dé pẹ̀lú àpótí rẹ̀, a sì ń wò ó bó ṣe ń yọ fọ́nrán òwú láàárín eyín òkú, bó ṣe ń ka èérún gíláàsì awò ojú tó fọ́, bó ṣe ń ṣe àṣàrò lórí èérún bísíkíìtì. A mọ ìdáhùn, síbẹ̀ àyà wa ń já. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn wa kì í ṣe ta ló ṣe é mọ́, bí kò ṣe báwo ni yóò ṣe mọ̀. Ìbéèrè tí àwọn onísáyẹ́ǹsì gan-an ń béèrè lójoojúmọ́ nìyẹn, mi ò sì mọ òǹkọ̀wé mìíràn ní àkókò yẹn tó fi í ṣe òpó ìtàn báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rí kan ṣoṣo wé Holmes àti Thorndyke, kí ìyàtọ̀ wọn lè hàn. Ìtẹ̀ka ni. Ọdún 1901 ni Scotland Yard, olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá London, dá ẹ̀ka ìtẹ̀ka sílẹ̀. Ní 1903, Holmes dojú kọ àmì àtàǹpàkò ẹlẹ́jẹ̀ lára ògiri nínú The Norwood Builder. Ní oṣù March 1905, wọ́n pa tọkọtaya Farrow ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Deptford. Àmì àtàǹpàkò kan lára àpótí owó wà lára ẹ̀rí tó gbé àwọn Stratton, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, lọ síbi tí wọ́n ti yẹgi fún wọn. Òun ni ẹjọ́ ìpànìyàn àkọ́kọ́ ní Britain tí ìtẹ̀ka ti mú ìdálẹ́bi wá. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní 1907, Freeman gbé The Red Thumb Mark jáde, ìwé Thorndyke àkọ́kọ́: dáyámọ́ǹdì sọnù nínú sééfù, àmì àtàǹpàkò ẹlẹ́jẹ̀ sì wà lórí ìwé pélébé kan níbẹ̀.

Holmes kò yẹ àmì inú ìtàn tirẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ìtẹ̀ka. Ó rántí pé òun ti wo ògiri náà ní ọjọ́ tó ṣáájú, kò sì sí àmì kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ ojú àti ìrántí ni, ó sì mú ọpọlọ dání. Thorndyke ní tirẹ̀ bi ìtẹ̀ka fúnra rẹ̀ léèrè: ṣé ènìyàn lè ṣe ayédèrú rẹ̀? Ó dán an wò, ó sì gbé èyí tó jẹ́ ojúlówó àti ayédèrú síwájú amòye nílé ẹjọ́ kó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní àkókò tí gbogbo ènìyàn ń yin ìtẹ̀ka bí ẹ̀rí tí kì í yẹ̀, Freeman ní ìgboyà láti sọ pé amòye tí wọ́n kò dán wò kò tíì jẹ́ ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wúlò ní gbogbo ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti ń gbé ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì kalẹ̀ lónìí.

Ẹ gbọ́ àléébù rẹ̀ náà. Ìwé gígùn Thorndyke, tó ju 20 lọ, máa ń rìn jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ máa ń gba àyè púpọ̀ níbẹ̀, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì jẹ́ ti agbẹjọ́rò, gbólóhùn gígùn lórí gbólóhùn gígùn. Ìtàn kúkúrú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọkùnrin tó fi sùúrù wo èérún bísíkíìtì yìí kò fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ wo ènìyàn. Àwọn Júù inú ìwé rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àwòrán ẹ̀gàn, ó sì kọ odidi ìwé kan ní 1921 tó gbé èrò lárugẹ pé kí wọ́n máa ṣa irú ẹni tó yẹ kó bímọ. Ẹ ka Thorndyke, ẹ má ka Freeman sí olùkọ́ nípa ọmọ ènìyàn.

Craig Kennedy: ẹ̀rọ tuntun nínú gbogbo ìtàn

Ní December 1910, ìwé àtìgbàdégbà Cosmopolitan ní Amẹ́ríkà, tó ń gbé ìtàn jáde nígbà náà, tẹ ìtàn Kennedy àkọ́kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísìrì ni Kennedy ní yunifásítì kan ní New York, ọ̀rẹ́ rẹ̀ akọ̀ròyìn Walter Jameson ló ń sọ ìtàn. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní 1914 ó dé inú sinimá, nínú The Exploits of Elaine, níbi tí Arnold Daly ti ṣe Kennedy tí Pearl White sì ṣe Elaine.

Ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ohun èlò tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ ìmìtìtì ilẹ̀ di ohun tó ń ka ìrìn ẹsẹ̀ ènìyàn nínú yàrá. Ẹ̀rọ agbóhùn tí wọ́n fi pamọ́ gbé ọ̀rọ̀ ọ̀daràn jáde láti ilé kejì. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ìtàn parí, Kennedy á pe gbogbo afurasí jọ sí yàrá àyẹ̀wò rẹ̀, á ṣí aṣọ lórí ẹ̀rọ, á sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Bí ẹ bá ka mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, ẹ ó ti mọ bí ìkẹrin yóò ṣe parí.

Lórí òṣùwọ̀n kejì, òun ló kùnà jù. Ẹ̀rọ náà kì í yọjú títí di ojú ewé ìkẹyìn, ẹ kò sì lè ronú nípa ohun tí wọn kò sọ fún yín pé ó wà. Lórí òṣùwọ̀n àkọ́kọ́, òótọ́ àti àsọdùn ló wà pọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí Reeve bá ti di ìròyìn gidi mú, ó máa ń dára. The Deadly Tube sọ̀rọ̀ ìpalára X-ray ní àkókò tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ewu rẹ̀; Clarence Dally, tó bá Thomas Edison ṣiṣẹ́ lórí X-ray, ti kú ní 1904 nítorí ohun tí ìtànṣán náà ṣe sí ara rẹ̀. The Bacteriological Detective dá lórí ibà táífọ́ọ̀dù, ó sì jáde lẹ́yìn tí wọ́n rí i ní 1907 ní New York pé alásè kan, Mary Mallon, ń gbé kòkòrò àrùn náà kiri láìṣàìsàn. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí táífọ́ọ̀dù kò tíì kúrò nílẹ̀ yóò ka ìtàn yẹn pẹ̀lú ọkàn tó yàtọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rọrùn jù nínú gbogbo wọn. Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, pàápàá ará Italy àti ará Ṣáínà, kì í sábà rí ojú rere níbẹ̀.

Luther Trant: ẹ̀rọ tó ní òun mọ irọ́

Ìtàn 9 péré ló wà nínú The Achievements of Luther Trant, tó jáde ní 1910. Chicago ni Trant ti ń ṣiṣẹ́, ọkàn ènìyàn ló sì ń yẹ̀ wò. Á so ẹ̀rọ mọ́ apá afurasí láti wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sá, á ka ọ̀rọ̀ sókè, á sì wọn bó ṣe pẹ́ tó kí onítọ̀hún tó fèsì. Ní 1908, Hugo Münsterberg ti yunifásítì Harvard ti gbé ìwé jáde pé kí ilé ẹjọ́ máa lo irú ìmọ̀ yìí, Balmer àti MacHarg sì sọ níwájú ìwé tiwọn pé irinṣẹ́ inú rẹ̀ wà ní yàrá àyẹ̀wò lóòótọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n ṣáájú John Larson, ọlọ́pàá Berkeley tó ṣe ẹ̀rọ ìdánwò irọ́ rẹ̀ ní 1921.

Níbí ni mo ti ní ìkìlọ̀ tó lágbára jù. Ẹ̀rọ náà wọn ara dáadáa, ṣùgbọ́n ara tó ń gbọ̀n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ọlọ́pàá ti dá dúró rí láìṣẹ̀ láìrò mọ̀ bí àyà ṣe ń lù. Ní 1923, nínú ẹjọ́ Frye, ilé ẹjọ́ kan ní Washington kọ̀ láti gba ìdánwò irọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, nítorí àwọn onímọ̀ kò tíì gbà á lápapọ̀. Trant kì í ṣìnà rárá nínú ìtàn tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ewu wà fún ọ̀dọ́ tó lè gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ kà á gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìrètí kan tí kò ṣẹ.

Van Dusen: ọpọlọ láìsí yàrá àyẹ̀wò

Kúkúrú ni tèmi lórí rẹ̀. Onísáyẹ́ǹsì tó ní oyè jántírẹrẹ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Augustus S. F. X. Van Dusen, wọ́n ń pè é ní The Thinking Machine, ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì kò pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìrònú lásán ló fi ń ṣe é, pé méjì àti méjì gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́rin nígbà gbogbo. The Problem of Cell 13, tí ìwé ìròyìn kan ní Boston tẹ̀ ní 1905 tó sì fi ṣe ìdíje fún àwọn òǹkàwé, jẹ́ iṣẹ́ àràbarà. Van Dusen pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níjà pé kí wọ́n ti òun mọ́ yàrá ẹ̀wọ̀n, òun yóò jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó béèrè kó tó wọlé ni lẹ́búlẹ́bú ìfọyín, dọ́là 25, àti kí wọ́n bá òun dán bàtà. Gbogbo ohun tí ẹ nílò wà níwájú yín, ẹ kò sì ní mọ̀ ọ́n. Futrelle kú nínú ọkọ̀ Titanic ní April 1912, ọmọ ọdún 37.

Ta ni kó mú èwo?

Bí ẹ kò bá tíì ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan rí ní gẹ̀ẹ́sì, Holmes ni kí ẹ mú, kí ẹ sì fi The Adventures of Sherlock Holmes bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìwé gígùn. Bí alẹ́ kan ṣoṣo lẹ ní, Cell 13 ni.

Fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì lágbára ṣùgbọ́n tó fẹ́ràn ẹ̀rọ, ẹ fún un ní The Silent Bullet, àkójọ ìtàn Kennedy, kí ó sì máa wá inú íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà lóòótọ́. Iṣẹ́ ìwádìí yẹn ló wúlò nínú ìwé náà ju ìtàn lọ.

Ẹni tó bá ń kọ́ ìmọ̀ òfin tàbí ìmọ̀ nípa ọkàn ènìyàn kó ka Trant, kó sì ka ìtàn ẹjọ́ Frye lẹ́yìn rẹ̀. Agbẹjọ́rò tó ti ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀ yóò jèrè jù nínú The Red Thumb Mark, kó fi ara da ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú rẹ̀ títí dé ìgbẹ́jọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Yorùbá, mo bẹ̀ ọ́, ka Oscar Brodski ṣáájú ohun gbogbo, nítorí yóò fi hàn ọ́ pé o lè sọ ẹni tó ṣe é ní ojú ewé àkọ́kọ́ kí òǹkàwé má sì lè gbé ìwé náà sílẹ̀.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mo fi kẹ́yìn, nítorí òun ni mo ní lọ́kàn jù. Ẹ mú A Message from the Deep Sea, tó wà nínú John Thorndyke's Cases. Ẹ kà á fún kíláàsì títí dé ibi tí Thorndyke ti kó iyanrìn tó rí lórí ìrọ̀rí. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ fi iyanrìn odò tàbí ti etí òsà sábẹ́ máíkírósíkóòpù ilé ìwé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó rí sílẹ̀, kí ẹ tó ṣí ojú ewé tó kàn.